Buffalograss: ṣé koríko kan lè ṣe iwájú ilé kó tún bọ́ ewúrẹ́?

Àlàdé_Lubbock
Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Lubbock ni mo wà, ní ìwọ̀-oòrùn Texas. Koríko bermuda ni ẹni tó ta ilé fún wa gbìn síwájú ilé, owó omi tí à ń san nígbà ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ. Òjò ibí lọ́dún kan kò ju bí ínǹṣì 18 sí 19 lọ, ìlú sì ní òfin lórí ọjọ́ tí èèyàn lè bomi rin koríko.

A tún ní éékà 8 lẹ́yìn ìlú tí mo fẹ́ máa sin ewúrẹ́ sí. Òwú ni wọ́n gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ náà sì ti ṣá. Àgbẹ̀ òyìnbó kan tó múlé tì wá ní kí n gbin buffalograss síbi méjèèjì. Ó ní koríko ilẹ̀ yìí gan-an ni, òun ni àwọn ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń jẹ kí àwọn baba ńlá òun tó dé. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé koríko kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjì yìí, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Ẹni tó ti gbìn ín rí ni kó dá mi lóhùn o, kì í ṣe ẹni tó wò ó lórí YouTube.

Àgbẹ̀Pẹ̀tẹ́lẹ̀
Àlàdé, o kú ìnáwó omi. Ẹ̀bá Amarillo ni mo wà, bíi wákàtí méjì sí ọ lápá àríwá, koríko yìí sì wà nílẹ̀ mi.

Fún iwájú ilé, bẹ́ẹ̀ ni, láìsí àní-àní. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ kò dú bíi ti koríko St. Augustine, ó ní eérú díẹ̀ nínú. Bí o kò bá gé e rárá, kì í sábà ga ju ínǹṣì 4 sí 8 lọ. Ó máa ń na okùn gba orí ilẹ̀, ibi tí oríkèé okùn náà bá ti kanlẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò. Kò ní èyí tó ń yọ́ rìn lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti bermuda, ìdí nìyẹn tí kì í fi í já wọ inú ọgbà òdòdó ìyàwó ẹni.

Ti ewúrẹ́ ló gba àlàyé. Koríko náà dùn lẹ́nu ẹran, ìyẹn ò níjà nínú. Ibi tó ti ń rú sì wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu màlúù kì í sábà dé ibẹ̀. Torí náà, níbi tí ẹran bá ti jẹ pápá kọjá ààlà, àwọn koríko gíga á kú, buffalograss á wá máa gba ilé wọn. Bí o bá rí pápá tó jẹ́ pé òun nìkan ló kún inú rẹ̀ lágbègbè tó yẹ kí koríko gíga wà, béèrè iye ẹran tí wọ́n ti kó síbẹ̀.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kò pọ̀. Koríko ínǹṣì 6, kí lẹran fẹ́ rí fà níbẹ̀? Má gbin òun nìkan sórí éékà 8. Pò ó mọ́ blue grama àti sideoats grama. Sideoats yẹn ni koríko ìpínlẹ̀ Texas láti 1971, ó ga dáadáa ju buffalograss lọ, ewé rẹ̀ sì pọ̀. Ewúrẹ́ tiẹ̀ tún fẹ́ràn ewé igi ju koríko lọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n láti ilé. Bí igi kéékèèké bá wà lórí ilẹ̀ rẹ, má sáré gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Kẹ́hìndé_DFW
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín o. Ẹnì kan ládùúgbò wa ní Dallas gbìn ín. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin, iwájú ilé rẹ̀ á gbẹ, á dà bí ẹní àtijọ́. Bí ooru bá tún mú jù lóṣù kẹjọ tí òjò sì dá, á tún gbẹ lẹ́ẹ̀kejì. Àlejò á máa béèrè bóyá wọ́n ti kó kúrò nínú ilé náà ni. Owó omi kì í ṣe nǹkan kékeré, àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà.

Adéọlá_Wichita
Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé, bermuda tí gbogbo yín gbìn ní Dallas ńkọ́? Òun náà kì í ha í gbẹ nígbà òtútù ni? Buffalograss tètè lọ sùn ni, ó sì pẹ́ jí. Ohun tó ń mú kó gbẹ lóṣù kẹjọ náà ni kì í jẹ́ kó kú: bí omi bá tán, á pa ewé tì, á dúró de òjò, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀, ẹ ó rí i tí ewé tuntun ń yọ. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ iwájú ilé tó gbẹ fún oṣù márùn-ún, kó má gbìn ín. Kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn àfi kó máa fi àwọ̀ kun koríko, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ilé ìtajà irúgbìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Kansas. Àwọn oníbàárà tó ń padà wá fìbínú bá wa sọ̀rọ̀ pé koríko náà ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àwọn bomi rin ín dáadáa, àwọn da ajílẹ̀ sí i dáadáa. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Koríko tó ti gbé ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kéré láti ayébáyé ni. Bí omi àti ajílẹ̀ bá ti pọ̀, bermuda àti àwọn èpò ló ń jàǹfààní rẹ̀, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀. Pọ́ùn kan náítrójìn fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ́dún ti tó o, pọ́ùn 2 ni òpin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, torí mo máa ń gbádùn rẹ̀: ilẹ̀ tí koríko yìí dì mú ni àwọn tó kọ́kọ́ wá tẹ̀dó sí Kansas àti Nebraska fi kọ́lé. Igi ò sí. Wọ́n á fi ohun ìtúlẹ̀ la ilẹ̀ ní ọ̀já-ọ̀já, wọ́n á gé e ní bíríkì, tòun ti gbòǹgbò, wọ́n á tò ó jọ di ògiri. Gbòǹgbò yẹn kò jẹ́ kó tú ká. Àwọn ọmọ wọn ló wá tu ilẹ̀ kan náà láti fi gbin àlìkámà nígbà tó gbówó lórí lásìkò ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀dá dé ní àwọn ọdún 1930, kò sí ohun tó di ilẹ̀ mú mọ́, atẹ́gùn gbé e lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, 1935, eruku ṣú bo ojú ọ̀run ní ọ̀sán gangan. Títí dòní, Black Sunday ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá Soil Conservation Service, àjọ tó ń dáàbò bo ilẹ̀, sílẹ̀. Lubbock àti Amarillo ò jìnnà síbẹ̀ o, Àlàdé. Ilẹ̀ òwú rẹ tó ṣá yẹn, mọ̀lẹ́bí ìtàn yìí ni.

Àlàdé_Lubbock
Àǹtí Adéọlá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbà. Báwo wá ni mo ṣe fẹ́ gbìn ín nígbà tí bermuda ti wà nílẹ̀?

Adéọlá_Wichita
Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ẹ má gbìn ín lé bermuda lórí. Ẹ kọ́kọ́ pa bermuda. Ẹ jẹ́ kó rú dáadáa nígbà ooru, ẹ bomi rin ín pàápàá (mo mọ̀ pé ó ń dunni), torí ìgbà tó bá ń dàgbà lọ́wọ́ ni oògùn apakoríko glyphosate máa ń wọlé dé gbòǹgbò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fọ́n ọn nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ẹ dúró, òmíràn á tún hù. Ẹ fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè gba odidi ìgbà ooru kan. Ẹni tó bá ní kíákíá lòun ń fẹ́, bermuda ni yóò ní lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́dún kejì, ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá gbóná ju 60 lọ nínú òṣùwọ̀n Fahrenheit. Ní ọ̀dọ̀ yín, ó lè jẹ́ ìparí oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó kọjá àárín oṣù keje, kí koríko lè rí àyè fìdí múlẹ̀ kí òtútù tó dé.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn: ohun tí wọ́n ń tà kì í ṣe horo lásán, èso líle kan ni tí horo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á kàn jókòó sínú ilẹ̀ láìhù. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú omi potassium nitrate, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Ẹ rí i dájú pé «treated» wà lára àpò náà. Wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ kùn ún, ẹ ó dá a mọ̀. Fún iwájú ilé, pọ́ùn 2 sí 3 fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ ní ìdajì ínǹṣì, ẹ fi ohun wúwo tẹ ilẹ̀ kí irúgbìn àti ilẹ̀ lè fara kan ara wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ. Àsìkò yìí nìkan lẹ lè fún un lómi bí ọmọ tuntun.

Àgbẹ̀Pẹ̀tẹ́lẹ̀
Ohun tí Adéọlá sọ pé péré ni, màá fi díẹ̀ kún un. Àwọn irú kan wà tí wọn kì í fi irúgbìn gbìn. Koríko yìí ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ̀rẹ̀ wò ó lóṣù karùn-ún: akọ á na òdòdó rẹ̀ sókè kọjá ewé bí àsíá kékeré, abo á fi èso tirẹ̀ pamọ́ sísàlẹ̀ láàárín ewé, o ò ní rí i àfi kí o fọwọ́ ya koríko náà sí méjì. 'Prairie' tí Texas A&M mú jáde àti '609' ti Yunifásítì Nebraska, abo ni méjèèjì, torí kí ojú koríko lè tẹ́jú láìsí àsíá lórí. Ẹ̀hù rẹ̀ ni wàá rà, wàá gbìn ín ní ínǹṣì 12 sí 18 síra wọn, á na okùn pàdé ara rẹ̀. Ó wọ́n ju irúgbìn lọ. Bí o bá fẹ́ èyí tí wọ́n ń fi irúgbìn gbìn, wá 'Cody', 'Bowie' tàbí 'Texoka'. Fún pápá ẹran, irúgbìn ni o, ta ló fẹ́ fọwọ́ gbin ẹ̀hù sí éékà 8?

Oògùn apakoríko 2,4-D: ṣọ́ra fún un. Ó lè jó koríko kékeré, ó sì lè jó èyí tó ti dàgbà bí ooru bá mú. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé nígbà òtútù, tí buffalograss bá ti sùn pátápátá tí ewé rẹ̀ kan ò tutù mọ́, mo máa ń fi glyphosate díẹ̀ pa èpò tútù tó wà láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n kúnlẹ̀ wò ó dáadáa ná. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣì ní ewé tútù kan péré, fi oògùn sílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Houston
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà fẹ́ gbìn ín níbí ní Houston. Ẹ̀yìnkùlé mi ní igi oak ńlá méjì, àwọn ọmọ mi sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ṣé kí n ra irúgbìn?

Adéọlá_Wichita
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ má ra nǹkan kan. Bí ínǹṣì 50 ni òjò Houston lọ́dún. Èpò á gbà á lọ́wọ́ yín. Igi oak méjì yẹn náà tó ìdí fún un láti kú, oòrùn gbangba wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́ ló ń fẹ́. Bọ́ọ̀lù ló kù: ó lè gba ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn kọjá, kò lè gba ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré lójoojúmọ́, torí kì í tètè wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn bíi bermuda. St. Augustine yín dára níbi tó wà.

ÌyáÌbejì_Houston
Ọlọ́run ṣeun, owó mi dúró sápò. 😄

Kẹ́hìndé_DFW
Ó dáa, ẹ ti borí mi lórí ọ̀rọ̀ omi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílé ńkọ́? Àdúgbò tiwa, wọ́n ń kọ ìwé ìtanràn sí ẹni tí koríko rẹ̀ bá gbẹ. Àlàdé, ṣé o ti ka ìwé òfin àdúgbò rẹ?

Àgbẹ̀Pẹ̀tẹ́lẹ̀
Ìbéèrè gidi. Láti 2013, òfin Texas (apá 202.007 nínú òfin ohun-ìní) ti sọ pé ẹgbẹ́ onílé kò lè ka gbígbin koríko tó lè fara da ọ̀dá léèwọ̀. Wọ́n lè ní kí o kọ́kọ́ fi ètò rẹ hàn wọ́n kí wọ́n wò ó, àmọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ láìnídìí. Torí náà kọ lẹ́tà kí o tó fọ́n oògùn sórí bermuda. Kọ orúkọ koríko náà sínú rẹ̀, ya àwòrán ibi tí yóò dé, kí o sì sọ fún wọn ṣáájú pé á gbẹ nígbà òtútù. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ìgbà ooru tí bermuda ti kú tán tí tuntun ò tíì sí nílẹ̀. Sọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú àjọsọ o, ẹ̀yin èèyàn òkè òkun. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kà á. Mo ní àgùntàn díẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn oúnjẹ wọn máa ń di ogun. Koríko tí kì í gbomi púpọ̀ yìí, ṣé ẹ lè fi irúgbìn rẹ̀ díẹ̀ ránṣẹ́?

Àgbẹ̀Pẹ̀tẹ́lẹ̀
Àbúrò, a ò lè kàn kó irúgbìn sínú àpò ká fi ránṣẹ́, àjọ NAQS tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń wọ Nàìjíríà ní òfin lórí ìyẹn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Òjò ilé pẹ̀lú ju ti ibí lọ ní ìlọ́po méjì dáadáa, ohun tí Ìyá Ìbejì gbọ́ lórí Houston ni ìwọ náà máa gbọ́.

Àmọ́ wò ó, ohun tó ò ń wá wà lẹ́yìn ilé rẹ. Ṣé o mọ èrùwà? Koríko gíga tó gbajúmọ̀ jù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà, big bluestem, ìdílé kan náà ni òun àti èrùwà, Andropogon ni orúkọ ìdílé wọn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Àwọn tó ń ra irúgbìn rẹ̀ níbí ń sanwó gidi lé e lórí. Èrùwà tí wọ́n ń pè ní gamba lókè ọya, oúnjẹ ẹran gidi ni nígbà tó bá ṣì kéré. Bí o bá jẹ́ kó yọ òdòdó, ó ti di igi lẹ́nu àgùntàn. Gé e kó tó yọ òdòdó, sá a, tọ́jú rẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Bí o bá rí stylo, gbìn ín sáàárín rẹ̀, ẹ̀wà ẹran nìyẹn, òun ló máa fún wọn ní purotéènì.

Kí o sì mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn kí wọ́n máa kó koríko láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn: èrùwà tiwa yẹn, wọ́n gbé e lọ sí Ọsirélíà fún màlúù. Ó ga tó mítà 4 níbẹ̀, ó bo igbó wọn, iná rẹ̀ lóṣù ẹ̀ẹ̀rùn ń jó igi ńlá run. Ní 2012 ni ìjọba wọn kọ ọ́ sínú àkójọ àwọn èpò tó ń da gbogbo orílẹ̀-èdè náà láàmú. Bermuda tó ń jẹ owó Àlàdé yìí náà, láti Áfíríkà ló ti dé Amẹ́ríkà.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́
Èrùwà! Èyí tí a máa ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Màá gé e kó tó yọ òdòdó lọ́dún yìí.

Àlàdé_Lubbock
Mo ti pinnu: buffalograss nìkan síwájú ilé, mẹ́ta tí ẹ dárúkọ yẹn sórí éékà 8. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, àwọn oníṣòwò irúgbìn ń sọ̀rọ̀ «PLS», kí ni? Ìkejì, mélòó ni kí n dúró kí ewúrẹ́ tó wọlé? Koríko gíga kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ewé rẹ̀ fẹ̀, ìlà funfun wà láàárín ewé. Ẹran á jẹ ẹ́ dáadáa, mo rò pé kí n fi sílẹ̀.

Adéọlá_Wichita
PLS ni ìwọ̀n irúgbìn tó mọ́ tó sì lè hù nínú ohun tí ẹ rà. Ẹ fi ìdá mímọ́ sọ ìdá tó ń hù di púpọ̀. Bí àpò kan bá mọ́ dé 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tí 80 nínú ọgọ́rùn-ún sì ń hù, 72 ni PLS rẹ̀. Ìyókù, ìdọ̀tí àti òkú lẹ ń sanwó rẹ̀. Àpò olówó pọ́ọ́kú lè wọ́n ju olówó gọbọi lọ bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ báyìí.

Àgbẹ̀Pẹ̀tẹ́lẹ̀
Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ wọbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, fọwọ́ fa koríko náà bí ẹran ṣe ń fà á: bí gbòǹgbò bá fà tu, kò tíì tó. Nígbà tí wọ́n bá wọlé, pín pápá sí ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán, jẹ́ kí wọ́n jẹ ìdajì ewé kí o tó kó wọn lọ sí òmíràn. Ìdajì tó kù lewé máa fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Àlàdé, koríko ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Johnsongrass ni ò ń ṣàpèjúwe yẹn, ẹ̀yà ọkà bàbà ni. Ní ọjọ́ tó dáa, ẹran ń jẹ ẹ́, kò sóhun tó máa ṣe wọ́n. Àmọ́ bí ọ̀dá bá mú un tó rọ, tàbí òtútù bá pa á, tàbí tó bá ń hù padà lẹ́yìn tí o gé e, májèlé sáyánáìdì á pọ̀ nínú ewé rẹ̀. Ewúrẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, á ṣubú, á kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn tí òtútù bá pa á, má jẹ́ kí ẹran dé ibẹ̀ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, títí tí yóò fi gbẹ pátápátá. Bí o bá lè pa á nígbà tó o bá ń pa bermuda, pa á.

Àlàdé_Lubbock
Yéè! Ewúrẹ́ aládùúgbò mi ń yọ orí jẹ ẹ́ láti inú wáyà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n sáré pè é.